Nubu Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu Munsif bí eegun ẹja ṣe ń bọ́ lẹ́nu ẹni tó ń jẹun tó ń ro nǹkan mìíràn. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ó ti bọ́.

Òwúrọ̀ ni. Atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ láti àná, òtútù sì ti ráyè wọ gbogbo ilé ní Remla, lórí erékùṣù wọn. Munsif jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń so okùn mọ́ ọrùn àwọn ìkòkò amọ̀ tó fi ń dẹ ẹja ọlọ́wọ́-mẹ́jọ. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, kò bojú wẹ̀yìn.

"Ìyá Ilhem, bá mi ju nubu yẹn sí èjìká."

Wasila ìyàwó rẹ̀ wo ọwọ́ náà. Ó wo ibi tí ọwọ́ náà ń nà sí. Kúbùsù ló wà níbẹ̀, kò sí ohun mìíràn.

"Kí lẹ pè é?"

Ọwọ́ Munsif dúró sí òfuurufú. "Kí ni mo pè é?"

"Ẹ̀yin ni mò ń bi."

"Kúbùsù. Kúbùsù ni mo wí. Àbí etí ń dùn ọ́ ni?"

"Nubu lẹ wí."

"Òtútù ló mú mi lẹ́nu, jàre." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kúrú bí ìrù ewúrẹ́. Ó tún gbájú mọ́ okùn rẹ̀.

Wasila mú kúbùsù, ó fi bò ó. Ó rọra fi bò ó, bí ẹni ń bo ìkòkò tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dákẹ́.

Ẹni tó bá ti gbé inú ilé kan pẹ́ á mọ̀ pé ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí ará ìta kì í gbọ́. Ilé Wasila náà ní. Tíì tó bá ti tutù, Salimi ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin kan ló ń jẹ́ Salimi, ó wá yá àwọ̀n lọ́wọ́ Munsif nígbà kan, ojú sì ń tì í. Ó sọ̀rọ̀ òkun, ó sọ̀rọ̀ oṣù, ó sọ̀rọ̀ àna rẹ̀, títí tíì iwájú rẹ̀ fi tutù nini, tó dìde tó lọ láì dárúkọ àwọ̀n. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi tíì sílẹ̀, wọ́n á ní, "Mu ún kó tó di Salimi." Òjò winniwinni, shashu ni. Ilhem, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń kọ́ ọ̀rọ̀, nítorí bí òjò ṣe ń dún lórí páànù tí wọ́n fi bo ìkòkò ẹja. Ẹja tó bá sì kéré tí kò ṣeé tà, Dalanda ni. Dalanda ni obìnrin tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ odi wọn, kò sí ọjọ́ tí kì í wá tọrọ ẹja kéékèèké "fún ológbò", bẹ́ẹ̀ kò ní ológbò. Èyí kò gbọdọ̀ dé etí rẹ̀ o.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà ń wo ilé kó tó jáde. Wasila mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ bí ó ṣe mọ ìkòkò rẹ̀. Ó mọ ẹni tó bí wọn, ó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Ọ̀rọ̀ ilé kì í ṣàdédé hù. Ara ènìyàn ló ti ń jáde.

Ta wá ni nubu ti ara rẹ̀ jáde?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lọ́jà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú Kùránì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ rédíò. Ọ̀rọ̀ tó rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ètè méjèèjì ń pàdé láti fi sọ, ọ̀rọ̀ ilé ni. Bí ọ̀rọ̀ ilé bá sì wà lẹ́nu ọkọ ẹni, tí kì í ṣe ti ilé ẹni, ilé mìíràn ń bẹ nìyẹn.

Wasila dìde. Ó lọ fi omi síná, kí ọwọ́ lè rí nǹkan ṣe.

Ní ilẹ̀ Tùnísíà, òfin kò gba ọkùnrin láyè ìyàwó méjì. Wasila ti máa ń dúpẹ́ fún òfin yẹn. Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ yìí ó rí ẹ̀yìn rẹ̀: ọkùnrin tó bá ti rí òmíràn, àfi kó lé ti ilé kó tó lè gbé ìyẹn wọlé. Obìnrin mìíràn, bí ọkọ bá lé e, á di ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀. Wasila kò ní ilé bàbá. Ilé àwọn ọmọ tí kò ní òbí, ní Sfax lódìkejì òkun, ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwé díẹ̀ tó mọ̀, tó fi ń ka orúkọ ara agolo, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Munsif tilẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ yẹn wọ́ ọ nílẹ̀ lójú gbogbo ayé nígbà ìgbéyàwó wọn... ṣùgbọ́n a kì í sọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn nínú ilé Wasila. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Kò bi Munsif ní nǹkankan mọ́. Ẹni tó ń bẹ̀rù ìdáhùn kì í tètè béèrè. Ó ń ṣọ́ ni.

Ohun tó kọ́kọ́ rí ni Ọjọ́bọ̀. Láti ìgbà ìkórè ólífì ni Munsif ti ń lọ sí Atáyà, ní ìpẹ̀kun erékùṣù, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ó ní òun ń bá ọ̀rẹ́ kan tún àwọ̀n ṣe. Wasila gbà á gbọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tó jáde tán, Wasila gbójú sókè wo ara ògiri. Abẹ́rẹ́ àwọ̀n rẹ̀ fi ara kọ́ síbẹ̀. Eruku wà lórí rẹ̀.

Ta ló ń fi ìka lásán tún àwọ̀n ṣe?

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, kó tó jáde, Wasila yẹ àpò rẹ̀ wò nígbà tí Munsif ń ṣe àlùwàlá. Ìyẹ̀fun bálì sísun wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń po bísísà fún ọmọ tí eyín rẹ̀ kò tí ì pé. Aṣọ funfun rírọ̀ wà níbẹ̀, tí wọ́n gé kéékèèké. Ife oníke kan sì wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ó ní ìdérí, ó ní ẹnu bí ti ẹyẹ, irú èyí tí ọmọdé fi ń mu omi kó má baà dà sí i láyà.

Wasila di àpò náà padà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Ó lọ jókòó.

Ọmọ. Ọmọ ti wà níbẹ̀. Ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀. Òun ló ń pe kúbùsù ní nubu, bí Ilhem ṣe pe òjò ní shashu, bàbá rẹ̀ sì gbé ọ̀rọ̀ náà wálé láìmọ̀, bí ẹni tí èèmọ́ lẹ̀ mọ́ létí aṣọ.

Àbí orúkọ ìyá ọmọ náà ni? Nítorí ọ̀rọ̀ ilé, ara ènìyàn ló ti ń jáde. Ó ṣa gbogbo orúkọ obìnrin tó mọ̀ ní erékùṣù náà lọ́kàn, ó ń fi ahọ́n tọ́ wọn wò. Nabiha? Najla? Nura? Kò sí èyí tó bá a mu tán.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé búrẹ́dì bálì rẹ̀ lọ sídìí ààrò àdúgbò. Láti ọ̀nà jíjìn ló ti ń gbọ́ ariwo àwọn obìnrin. Bí ó ṣe yọ, ariwo náà rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, bí iná tí wọ́n da omi sí.

"Ẹ káàárọ̀ o."

"Ìyá Ilhem! Wá, wá, iná ṣì wà dáadáa," ni Dalanda fi dáhùn. Òun ló dàgbà jù níbẹ̀, òun ló sì ń fọhùn jù.

"Kí lẹ̀ ń sọ tí mo dé tí ẹ dákẹ́?"

"Àwa? Ọ̀rọ̀ ata ni. Ata ti gbówó lórí."

"Ata kọ́. Atáyà ni mo gbọ́."

Obìnrin kan wúkọ́. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tí kò sọ nù. Dalanda gbọn ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́. "Etí rẹ yìí, ti ehoro kò tó o. Ata, Atáyà, ṣebí ibi kan náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wasila kò rín. Ó dúró títí àwọn yòókù fi gbé búrẹ́dì wọn lọ, ó wá súnmọ́ Dalanda.

"Màmá Dalanda, ẹ má fi mí ṣeré. Kí ló wà ní Atáyà?"

"Òkun ló wà níbẹ̀. Òkun náà ló wà níbí."

"Munsif ti rí ibòmíràn, àbí?"

Dalanda wò ó pẹ́. Nǹkan kan fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. "Ẹja ọlọ́wọ́-mẹ́jọ ni àwọn ọkùnrin, ọmọ mi. Ìkòkò tó bá ti rí tó ṣófo, ilé ni."

"Ẹ ń fi òwe sá fún mi."

"Ohun tí ìwọ fúnra rẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì, ta ni o fẹ́ kó bá ọ ṣí i? Wo búrẹ́dì rẹ, ó ti ń jó." Ó yí padà, ó tún wẹ̀yìn. "Kò sí ẹja kéékèèké nílé lónìí? Ológbò mi ò tí ì jẹun."

"Kò sí Dalanda kankan lónìí," ni Wasila wí. Kò mọ ohun tó wí títí ó fi wí i.

"Kò sí kí ni?"

"Ẹja ni mo wí. Òtútù ló mú mi lẹ́nu."

Bí ó ṣe ń lọ sílé, ọ̀rọ̀ yẹn ń ta á lọ́kàn. Bí òun náà ṣe purọ́ nìyẹn, gẹ́lẹ́ bí Munsif ṣe pa á. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rọrùn tó.

Ó pe Ilhem lórí fóònù. Ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Sfax ni Ilhem ń gbé. Kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà kó ìpayà bá ọmọ, ó ní kí òun kàn bi í bí ẹni ń ṣeré.

"Ilhem, kí ni nubu?"

 Fóònù kò gé. Wasila ń gbọ́ bí Ilhem ṣe ń mí.

"Ta ló sọ ọ́ fún yín, Màmá?"

 Kì í ṣe "kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀", kì í ṣe "mi ò gbọ́ ọ rí". Ta ló sọ ọ́ fún yín!

"Ìwọ náà mọ̀?"

"Mi ò mọ nǹkankan. Ẹ bi Bàbá. Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú sí Bàbá. Ọmọ ń sunkún, n ó pè yín padà."

Kò sí ọmọ tó ń sunkún. Ìyá kì í ṣi ẹkún ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbọ́. Wasila gbé fóònù sílẹ̀, ó wo yàrá náà yí ká: àpótí aṣọ, ẹní, àwọn ife tíì lórí pẹpẹ. Gbogbo wọn dàbí nǹkan tí ẹlòmíràn fi pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ń bọ̀ wá gbà.

Ọjọ́bọ̀ tún dé. Òkun dákẹ́, ẹja sì pọ̀, nítorí náà Munsif ní òun á kọ́kọ́ wa ọkọ̀ lọ wo ìkòkò òun, òun á ti ibẹ̀ gba Atáyà. Ó gbé àpò dání. Nígbà tó lọ tán, Wasila rí ife oníke náà lábẹ́ àpótí. Ó ti bọ́ nínú àpò.

Ó mú un. Ó fi í sínú ìborùn rẹ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti wà nínú ọkọ̀ akérò. Awakọ̀ bi í pé ibo, ó ní Atáyà. Awakọ̀ wò ó nínú dígí, ó yára gbójú kúrò. Awakọ̀ náà mọ̀! Gbogbo erékùṣù mọ̀ àfi òun.

Ní Atáyà, àwọn arúgbó obìnrin kan jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń ha ìpẹ́ ẹja.

"Ẹ jọ̀wọ́, ilé wo ni Munsif ará Remla máa ń yà sí?"

"Ta ni ìwọ?"

"Ìyàwó rẹ̀ ni mí."

"Yéè," ni ọ̀kan nínú wọn wí, ó fi ọ̀bẹ ẹja nàka. "Ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ búlúù yẹn, tí wọ́n sá aṣọ síwájú rẹ̀. Ọmọ, fi sùúrù wọlé o."

Wọ́n sá aṣọ síbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn aṣọ funfun kéékèèké, gbogbo wọn wà lórí okùn. Obìnrin kan tí kò tí ì pé ogójì ọdún dúró láàárín wọn, ó ṣán aṣọ mọ́ ìdí, ó ń fún omi kúrò lára aṣọ. Kò burẹ́wà. Wasila ti retí pé kó burẹ́wà.

"Ta lẹ̀ ń wá?"

"Ẹni tó ni ife yìí."

Obìnrin náà wo ife. Ó wo Wasila láti orí dé ẹsẹ̀. Aṣọ ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sínú yanrìn.

"Ìyá Ilhem," ló wí.

Ó mọ̀ mí. Ó mọ orúkọ ọmọ mi. Wasila na ife náà sí i. "Ìwọ ni Nubu?"

"Èmi kẹ̀?" Obìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in. "Shadliya lorúkọ mi."

"Ta wá ni Nubu?"

Kí ó tó dáhùn, ohùn kan pè láti inú ilé. "Nubu! Nubu!" Kì í ṣe ohùn ọmọdé. Ohùn ọkùnrin ni, ó há, ó wúwo, ó ń fà bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń wọ́ lórí òkúta.

"Ta nìyẹn?"

Shadliya fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo ní ta nìyẹn?"

"N kò lè dárúkọ rẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin lẹ ní ká má dárúkọ rẹ̀."

Wasila di ilẹ̀kùn búlúù náà mú.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Níbi òkú ìyá Munsif ni Wasila ti sọ ohùn tirẹ̀ kalẹ̀. Ìyá náà fẹ́ràn rẹ̀. Òun nìkan ló máa ń yọ́ wá sí Remla, tó máa ń fi aṣọ bo abọ́ kúskús kí ọkọ rẹ̀ má baà rí i, tó máa ń sọ pé, "Jẹ ẹ́ kó tó tutù, ìyàwó mi." Nígbà tó kú, Wasila sunkún dé ilé òkú. Bàbá Munsif dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹni tí a ò mọ ìran rẹ̀ kò ní ṣọ̀fọ̀ nínú ilé mi," ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Wasila yíjú sí gbogbo obìnrin tó wà níta, ará Remla, ará Atáyà, Dalanda wà níbẹ̀, Ilhem kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ gbọ́ o! Ọjọ́ tí orúkọ Amọr bá wọ ilé mi, ọjọ́ náà ni mo jáde níbẹ̀."

Ó búra. Gbogbo wọn gbọ́. Gbogbo wọn sì ti ń pa á mọ́ fún un láti ìgbà náà.

"Bàbá Amọr," ni Wasila wí. Orúkọ náà dàbí iyọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o, kì í ṣe èmi," ni Shadliya wí kíákíá. "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Rọpárọsẹ̀ ló kọ lù ú nígbà ìkórè ólífì. Èmi ni mo gbé e sọ́dọ̀. Ẹ wọlé. Ẹ jókòó. N ó po tíì."

Wasila wọlé, ṣùgbọ́n kò jókòó. Bàbá arúgbó náà wà lórí ẹní, wọ́n fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọwọ́ kan kú sórí itan rẹ̀, èkejì ń wá nǹkan lórí ẹní. Ṣé ọkùnrin tó kún ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn nìyí? Ó dàbí aṣọ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀.

"Nubu," ló wí.

Shadliya fa kúbùsù kan bò ó dé àyà. Kúbùsù onírun àgùntàn ni, ó ní ìlà àwọ̀ ilẹ̀ àti funfun. Wasila mọ ìlà náà.

"Ìyá ló hun ún," ni Wasila wí.

"Òun ni. Láti ọjọ́ tí àìsàn yìí ti dé, ọ̀rọ̀ ti fọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ń pe omi ní ọkọ̀. Ó ń pe èmi ní iyọ̀, n kò mọ ohun tí mo fi jọ iyọ̀. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá mú un, ó fẹ́ pe ìyàwó rẹ̀. Manubiya. Kò lè pè é tán, nubu ló ń jáde. Bí a bá ti fi kúbùsù bò ó, á dákẹ́. Ni gbogbo wa bá ń pe kúbùsù ní nubu. Munsif náà. Kódà Ilhem, nígbà tó wá kí i."

Manubiya. Wasila ti ṣa orúkọ gbogbo obìnrin erékùṣù náà tán, kò rántí ṣa ti òkú. Obìnrin ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́. Ìyá tó ń fi aṣọ bo abọ́ ni.

Ó yẹ kí ara tù ú, kò tù ú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣọ́ ojú bàbá náà. Ṣé kò mọ̀ mí lóòótọ́? Tàbí ó ń dọ́gbọ́n? Ojú rírẹ̀ náà wò ó, ó kọjá lára rẹ̀, ó tún padà wá. Ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ gbá ife oníke náà mú lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi kan ẹnu. Omi ò sí nínú rẹ̀. Ó ń fà á lásán, bí ọmọ.

Wasila gba ife náà. Ó bu omi sí i. Ó mú un fún un.

"N kò tí ì dárí jì yín o," ló wí fún un jẹ́ẹ́.

Shadliya gbé tíì wá, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Wasila kò fọwọ́ kàn án. "Ó ku kí ni?" ló bi í. "Ojú rẹ ń sá. Nǹkan kan kù tí o ò tí ì sọ."

Shadliya jókòó. "Ọkọ mi ti ríṣẹ́ ní Sfax. A ó kó lọ kí Ààwẹ̀ tó wọlé. A ò lè gbé e dání. Ojoojúmọ́ ni Munsif ń ní òun á sọ fún yín lọ́la. Lọ́la, lọ́la. Ẹ̀rù yín ń bà á."

"Ẹ̀rù mi?"

"Ó ní bí òun bá dárúkọ bàbá òun, ẹ ó lọ. Ó ní ẹ ò sì ní ibi tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ ó sì lọ síbẹ̀ náà."

Wasila ń wo ilẹ̀. Òun ń bẹ̀rù kí Munsif lé òun, Munsif náà ń bẹ̀rù kí òun lọ, àwọn méjèèjì ń ṣọ́ ara wọn lórí ẹní kan náà.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn dún. Munsif wọlé, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún, àpò wà lọ́rùn rẹ̀. Ó rí bàtà ìyàwó rẹ̀ kó tó rí ìyàwó rẹ̀. Ó dúró gbagidi.

"Mo gbé," ló wí.

"Ẹ kò tí ì gbé," ni Wasila wí. "Ẹ gbàgbé ife sílé."

"Ìyá Ilhem, jẹ́ kí n ṣàlàyé. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ń wá bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ ni, mo ń yí i ká..."

"Títí tíì fi di Salimi." Ó fọwọ́ kan ife tíì iwájú rẹ̀. Ó ti tutù. "Wò ó. Ti èmi náà ti di Salimi."

"Ta ní ń jẹ́ Salimi?" ni Shadliya bi wọ́n.

 Munsif ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ní omijé nínú, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Wasila kò bá a rín. Ṣùgbọ́n kò dá a dúró.

"Mo búra," ni Wasila wí nígbà tí ẹ̀rín náà tán. "N kì í da ìbúra. Orúkọ Amọr kò gbọdọ̀ wọ ilé mi. Mo sọ ọ́, ó sì dúró."

"Mo mọ̀," ni Munsif wí, orí rẹ̀ wálẹ̀.

"Orúkọ ni mo wí. N kò wí nǹkankan nípa Nubu."

Munsif gbójú sókè.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, n kò fẹ́ àṣìgbọ́. N kò gbàgbé ilẹ̀kùn yẹn. Bó bá gbádùn tó sì tún bú mi, n ó fèsì. Ṣùgbọ́n èmi mọ ẹni tó hun kúbùsù yìí, ó sì máa ń jẹun pẹ̀lú mi. Ẹ gbé Nubu, ká máa lọ. Ìgbà mìíràn tí ẹ bá tún gbé ọ̀rọ̀ tuntun wọlé, ẹ kọ́kọ́ sọ ilé tí ẹ ti gbé e wá."

Ọkọ̀ akérò yẹn kan náà ló gbé wọn padà. Awakọ̀ kò gbójú kúrò mọ́. Ó bọ́ sílẹ̀, ó bá wọn gbé bàbá náà. Wasila jókòó tì í, ó di etí kúbùsù mú kí atẹ́gùn má baà ṣí i. Ó ń ṣọ́ ojú rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe é bí ẹni pé ó rẹ́rìn-ín sí òun. Ó lè jẹ́ pé ẹnu tó wọ́ ni.

Nígbà tí wọ́n dé Remla, Dalanda ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi, ọwọ́ lẹ́bàdí.

"Ìyá Ilhem! Kí lẹ gbé bọ̀ yẹn?"

"Nubu ni."

"Kí ló ń jẹ́ Nubu?"

Dalanda mọ̀. Ojú rẹ̀ wà lára bàbá náà, ó wà lára Wasila, ó ń dúró de orúkọ kan, bóyá ó máa bọ́.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ni Wasila wí, ó fi ẹsẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí wọ́n lè gbé e kọjá. "Ọ̀rọ̀ ilé wa ni."